Òkìtì Àpáàdì Ẹ̀yìn Ẹbu Wa

Bí ìkòkò bá bẹ́ nínú iná, ohùn rẹ̀ kì í jọ ti nǹkan mìíràn. Kò rí bíi ti abọ́ tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Á dún gbì lábẹ́ koríko tó ń jó, ohùn tó wúwo, tó fara pamọ́, ilẹ̀ á sì mì díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fi agbára ti ilẹ̀kùn mọ́tò níta, ọkàn mi á kọ́kọ́ sáré lọ sí ẹ̀yìn agboolé ọkọ mi ní Òmù-Àrán, níbi tí ẹbu wa wà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹbu. Mo ní ibi tí a ti ń mọ ìkòkò ni. Ó ní ṣé ilé-iṣẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òrùlé rẹ̀ kò ju imọ̀ ọ̀pẹ lọ, kò sì sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló rán bàbá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Èsìẹ́ ni wọ́n ti bí mi, àgbẹ̀ sì ni àwọn òbí mi. Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Ẹbu, ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á gbé amọ̀ tí a ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú mi, wọ́n á ní kí n di ojú, kí n máa fi ìka wá òkúta inú rẹ̀. Màá wá a títí. Bí mo bá yọ ọ̀kan, inú mi á dùn bí ẹni tó rí wúrà he. Wọ́n á ní, "Ó kù." Màá tún wá a, màá ní, "Ìyá, ó ti tán." Wọ́n á na ìka kan péré, wọ́n á fi ra amọ̀ náà lórí, wọ́n á sì yọ òkúta tí kò tó ìdajì hóró ọkà bàbà jáde. "Ìyàwó, kí lèyí? Ṣé kó di ẹ̀wà nínú iná lo fi í sílẹ̀ fún?" Ìka wọn ríran ju ojú mi lọ nígbà náà, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí.

Obìnrin márùn-ún ni wá nínú ẹbu. Ìyá ni olórí. Lẹ́yìn wọn ni ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Ìyàwó ilé méjì tún wà, lẹ́yìn náà ló wá kan èmi. A máa ń wa amọ̀ létí odò, a ó rù ú wálé, a ó tẹ̀ ẹ́, olúkúlùkù á mọ tirẹ̀, a ó sì gbé e sí ibòòji kó gbẹ. Bí ó bá ti pọ̀ tó, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí gbangba, a ó to igi àti koríko lé e lórí, a ó sì fi iná sí i. Àmì ẹnìkọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ọrùn ìkòkò rẹ̀, òun la fi ń mọ tẹni lẹ́yìn iná. Tèmi jẹ́ ihò kan tí mo fi ẹnu igi gún. Ti Ìyá jẹ́ ojú èékánná mẹ́ta, ó rí bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Àṣà méjì wà nínú ẹbu náà tí a kì í yẹ̀. Ìkòkò olórí ẹbu ló ń jókòó sí àárín gbùngbùn iná, torí ibẹ̀ ni ibi iyì. Ti àwọn yòókù á yí i ká, ti ìyàwó kékeré á wà létí, níbi tí atẹ́gùn ti ń dà á láàmú. Èyí ni ọ̀kan. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìkòkò kó tó jáde, kò sì gbọdọ̀ dúró máa wo èyí tó fọ́. Bí a bá ti gbọ́ gbì, ẹni tó bá súnmọ́ iná jù á ní, "Iná ti gba tirẹ̀." Àwa yòókù á dáhùn pé, "Kó máa jẹ." Ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì a ó kó àpáàdì, a ó dà á sórí òkìtì tó wà lẹ́yìn ẹbu. Òkìtì náà ti ga jù mí lọ kí n tó wọ ilé ọkọ. Ewúrẹ́ nìkan ló ń bá a ṣe.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ìlú, a rò pé iṣẹ́ náà ti parí. Àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó ń wálé ìsìnkú àti ìgbéyàwó pẹ̀lú mọ́tò tuntun, wọ́n ń kó ike wá, wọ́n ń kó abọ́ tánganran olódòdó wá. Ọ̀kan nínú wọn gbé fíríìjì wá fún ìyá rẹ̀ nínú ilé tí kò tíì rí iná mànàmáná. Àwọn tó ṣì ń ra àmù lọ́wọ́ wa nígbà náà ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kọjá ojú ọjà. Ìkòkò ń fọ́, a ò bìkítà. Èyí tí kò fọ́ gan-an, ta ló fẹ́ rà á?

Lẹ́yìn náà ni ọdún líle dé. Ike wọ́n, tánganran wọ́n, fíríìjì di àpótí aṣọ. Àwọn tó ti ń fi wá rẹ́rìn-ín wá ń rọra yọ́ wọ ẹ̀yìn ilé. "Ìyá Ẹbu, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè rí àmù kékeré kan?" Àwọn tó ń yan gàrí ń wá agbada amọ̀. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ń wá ìṣaasùn. Àkókò yẹn gan-an ni ọkọ mi, tó ń bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́, padà wálé pẹ̀lú báàgì kan. Iṣẹ́ ti tán. Ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ wa, méjì ti ń lọ sí ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ìlọrin. Ó yí àmù wa po, ó kan èyí, ó kan tọ̀hún. Ó ní, "Wàláì, ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ yín dára. Àmù ni gbogbo ilé ń béèrè lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi kún ọkọ̀ yìí ní ọjọ́ ọjà kẹfà sí òní. Bó bá kún, èmi àti yín ò ní í ya ara wa mọ́. Bí kò bá kún, ẹ má bínú sí mi o, màá gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Mọ́tò òfìfo ń mu epo bí èyí tó lẹ́rù." Ìyáálé mi ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé kó rí i dájú pé táyà rẹ̀ lágbára ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ló ń wò, èmi náà sì mọ̀ pé bí ó bá lọ lófìfo, ilé-ìwé àwọn ọmọ ló bá a lọ.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A mọ ọ́n, a jẹ́ kó gbẹ, a fi iná sí i. Gbì. Gbì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbì mẹ́ta léra wọn. Nígbà tí eérú tutù, bóyá ìdajì ló jáde láàyè. "Iná ti gba tirẹ̀." Ìyáálé mi wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Iná ọdún yìí mà ń jẹun o. Àfi bí ẹni pé òun náà gbọ́ pé oúnjẹ wọ́n lọ́jà."

Mo rò pé mo gbọ́n nígbà náà. Mo ní igi wa ni kò gbẹ tó. Wọ́n ní kí n lọ wá èyí tó gbẹ. Mo rìn jìnnà débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oko Òwu-Ìsin, mo ru igi títí orí mi fi wú, a tún sun ún, ó tún ń dún gbì. Mo ní atẹ́gùn àárọ̀ ló ń mú ìkòkò rin. Mo wá kó gbogbo tèmi wọ yàrá ọkọ mi kó lè gbẹ dáadáa. Ọkùnrin náà ń sùn láàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ní gárèèjì. Lọ́jọ́ kẹta ó jí, ó na ẹsẹ̀, ó gbá àmù tó tóbi jù. Ìyẹn fọ́ láìtíì rí iná. Ìyáálé mi pè mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, èyí tí ọkọ rẹ jẹ ńkọ́? Ṣé iná náà ló rán an níṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín yẹn ló mú kí n fẹ́ mọ ẹni tí iná ń jẹ tirẹ̀ gan-an, òun ló gbé mi dé ìdí òkìtì tí a kì í wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ wa amọ̀, mo jókòó tì í, mo ń ṣa àpáàdì tuntun sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. N kò mọ ìwé, n kò sì fẹ́ ka iye rẹ̀ nítorí àṣà ilé, nítorí náà mo kàn ń to àmì tì àmì. Ti ìyáálé mi níhìn-ín, tèmi lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo gbójú sókè, òkìtì márùn-ún wà níwájú mi. Mẹ́rin nínú wọn kò ju kókósẹ̀ mi lọ. Èyí tó ní ojú èékánná mẹ́ta ti dé orúnkún.

Mo mú àpáàdì tèmi, mo wò ó. Ó fọ́ bí ohun tí nǹkan kọlù láti ìta. Mo mú ti èékánná mẹ́ta. Èyí ya láti inú, ó là bíi gúgúrú, òkúta kékeré kan sì wà nínú ojú ibi tó ti là, iná ti sun ún di funfun. Mo mú òmíràn, òkúta. Mo mú òmíràn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Àárín iná ni ìkòkò Ìyá ń jókòó. Bí ọ̀kan bá bẹ́ níbẹ̀, á lu ti ẹni mẹ́rin tó yí i ká. Iná kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ìka tó kọ́ mi bí a ṣe ń wá òkúta ni kò mọ òkúta lára mọ́.

Mo tú gbogbo rẹ̀ ká. Mo fi ọwọ́ méjèèjì rú u pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ta ló máa sọ ọ́ fún Ìyá? Èmi tí wọ́n kọ́? Bí a bá gba amọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Ẹbu, kí ló kù tí a ó máa pè é? Bí mo bá sì dákẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù á lọ. Mo wá dá ọgbọ́n kan tí mo rò pé kò lẹ́gbẹ́. Mo ń jí kí àwọn ará ilé tó jí, mo ń lọ sí ìdí amọ̀ Ìyá, mo ń bá wọn ṣa òkúta inú rẹ̀, màá sì tún un bò bí wọ́n ṣe bò ó. Mo ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó."

"Ìyá! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò jí ire bí?"

"Amọ̀ ta nìyẹn?"

"Tiyín ni, Ìyá. Mo ní kí n kàn bá yín rọ̀ ọ́ díẹ̀ ni."

"Ṣí ọwọ́ rẹ."

Mo ṣí i. Òkúta kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mélòó ni?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í kà á."

"Ìkòkò la kì í kà. N ò gbọ́ ọ rí pé òkúta ní èèwọ̀."

Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn. Wọ́n gba òkúta náà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí i láàárín ìka, wọ́n sì gbójú lọ síbi tí oòrùn ti ń yọ. Wọ́n ní, "N ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Láti ìgbà ìkórè tó kọjá ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ wé ìka mi. Mo ti lọ sídìí òkìtì náà. Mo rí i pé ẹnìkan ti to àpáàdì, ó sì tún tú u ká. Mo ní ìyàwó mi nìyí. Àwọn yòókù ò ní sùúrù àtitò ó, wọn ò sì ní àánú àtitú u ká."

Ojú tì mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa mọ ọ́n. Màá máa bá yín ṣa á. Kò ni mí lára."

"Irọ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta tó o ti ń ṣa tèmi, àmù mélòó lo mọ?"

Ọ̀kan ni mo mọ, ọrùn rẹ̀ sì wọ́.

"Ṣé o rí i? Tèmi ń ṣòfò, o tún wá ń kó tìrẹ kún un." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Kí o sì pọn omi kún ọpọ́n ńlá yẹn wá fún mi ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ sun ún."

Mo rò pé omi tí wọ́n fẹ́ fi pa iná ni. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí gbogbo ìkòkò ti gbẹ, tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, Ìyá ní kí a dúró. Wọ́n fa àpótí wọn sídìí ọpọ́n omi. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ gbé tiwọn wá. Mẹ́jọ ni. Wọ́n gbé ekíní sórí itan, wọ́n tẹ etí sí i, wọ́n fi eegun ìka kàn án. Ó dún pù, bí ẹni lu irọ̀rí. Wọ́n rì í sínú omi. A ń wò ó bó ṣe ń yọ́, tí ojú èékánná mẹ́ta sì ń pa rẹ́. Wọ́n gbé ìkejì. Pù. Omi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá ní, "Kí lò ń sunkún sí? Kò tíì rí iná. Ọ̀la, amọ̀ ni." Nínú mẹ́jọ, ọ̀kan péré ló dún kó, ohùn tó mọ́ gaara. Ìyá tún un kàn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fúnra wọn gbé e lọ sí etí ibi iná, síbi ti ìyàwó kékeré.

Wọ́n ní, "Ìka mi ló darúgbó. Etí mi ò tíì darúgbó, ó ṣì ń gbọ́ èyí tó ní àléébù nínú. Ẹ gbé tiyín wá."

Ìyáálé mi gbé tiwọn wá pẹ̀lú ìgbéraga. Mẹ́ta dún kó. Ìkẹrin dún pù. "Háà, Ìyá, ẹ tún un kàn, afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn rẹ̀ lọ." Ìyá ní, "Afẹ́fẹ́ náà ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó mi. Wá wò ó bó ṣe ń jáde." Wọ́n rì í, ó ń hó pùtù pùtù nínú omi, a sì rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀, ìyáálé mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ri méjì nínú tèmi.

Lọ́jọ́ náà, a fi iná sí i, a jókòó, a ń dúró kó dún. Koríko ń jó, igi ń ta, kò sí gbì. A ń wo ara wa lójú bí àwọn tó ń retí àlejò tí kò wá. Ó di ìgbà tí iná fẹ́ rọlẹ̀ kí ọ̀kan ṣoṣo tó dún. Ẹnu mi ti yà láti sọ pé iná ti gba tirẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ta ló ni ín? Bó bá tutù, kí a wò ó." Láti ọjọ́ yẹn ni àṣà kejì ti kú nínú ẹbu wa, kò sì sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin Ìlọrin dé, ọkọ̀ rẹ̀ kún débi pé ìyáálé mi ní kó kúkú fẹsẹ̀ rìn padà sílé kí àyè lè gba àmù kan sí i. Ó ń sọ pé, "Àlùbáríkà, àlùbáríkà," ó sì ń padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná tí a ń dá lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀ẹ̀kan, igi tí à ń rù dín kù, orí wa sinmi. Òkìtì náà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, torí Ìyá ní kí a máa gún àpáàdì àtijọ́ kúnná, kí a máa pò ó mọ́ amọ̀ àmù ńlá kó lè gba iná. Àwọn ọmọ mi ò kúrò ní ilé-ìwé. Gbogbo èyí dára, mo sì ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìyá ò mọ ìkòkò mọ́ láti ọjọ́ náà. Etí wọn ló ń bá wa ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi iná sí ohun tí wọn kò tíì kàn. Bí iṣẹ́ bá dá, ní ọ̀sán, mo máa ń rí wọn lábẹ́ òrùlé ẹbu. Wọ́n á gbé ìṣù amọ̀ kan sórí itan, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa fi ìka wá inú rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi mọ. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo rí wọn. Mo rò nígbà náà pé ìbànújẹ́ ni. Nísinsìnyí, kò dá mi lójú mọ́ pé ìbànújẹ́ nìkan ni.

Wọ́n ti kọ́ ilé síbi tí ẹbu wà. Àpáàdì kan ṣoṣo ni mo mú kúrò níbẹ̀, èyí tó ní ojú èékánná mẹ́ta, òun ni mo fi ń dé omi mímu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣa òkúta inú ìrẹsì, mo sì gbé e fún ọmọ ọmọ mi pé kó lọ fọ̀ ọ́. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó dà á padà sórí atẹ, ó tún un ṣa wéré wéré, bí ẹni tó ń jalè. Mo pè é. Mo ní, "Mélòó ni?" Ó ní, "Ìyá àgbà, kò pọ̀." Mo ní kó mú un wá. Ó dà á sí mi lọ́wọ́, mo pa ọwọ́ mi dé. Bí kì í bá ṣe pé mo rí i nígbà tó ń dà á, n kì bá tí mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mo ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa ṣa á. Èmi á máa fetí sí ìkòkò." Nígbà tí mo sọ èyí fún un lónìí pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá bíírò dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ ọ́, kó má fo ìkankan. Lẹ́yìn náà mo ní kó sáré lọ sí ilé ìdáná, kó lọ ṣí ìdérí ìkòkò díẹ̀, torí mo ti gbọ́ ọ, ó fẹ́ hó dànù.